Lẹ́tà ṣíṣí sí alága ẹgbẹ́ wa ní Houston: ojú ta ni wọ́n fi sára pólísì (ètò ìjọba) yẹn?

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Mo kí gbogbo ẹ̀yin dádì àti mọ́mì tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà tẹ́ ẹ máa ń jókòó sẹ́yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù títí mítìn á fi parí. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ èyí, tí mi ò pè yín. Níwájú gbogbo èèyàn náà lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì ti ń pín in kiri lórí WhatsApp báyìí, kódà ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Dallas ti gbọ́ ọ kí n tó délé.

Ohun tẹ́ ẹ sọ ní mítìn nípa èébú tí Trump ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú àti àjèjì rèé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí n má baà parọ́ mọ́ yín. Ẹ ní, "Ẹnu lásán ni gbogbo èébú yẹn. Èmi pólísì ni mò ń dìbò fún, bọ́dà, owó orí, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wa. Ẹni tó bá ń bú mi tí bísínẹ̀sì mi sì ń lọ dáadáa, kó máa bú lọ." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ látorí Beltway títí mo fi dé iwájú gáréèjì mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ń yí lọ́kàn mi, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ mo ti rí i pé mo gbọ́dọ̀ fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ẹ̀tọ́ yín. Àwọn tó dìbò fún Trump lọ́dún 2024 lé ní mílíọ̀nù 77, ẹni tó bá sọ fún mi pé gbogbo wọn ló kórìíra aláwọ̀ dúdú, onítọ̀hún ò tíì to ìlà ní ṣọ́ọ̀bù H-E-B kó gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ ni. Lóṣù kẹfà 2022 ọ̀wọ́n ọjà gòkè dé ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti bí ogójì ọdún, a jọ ra ẹyin náà ni, a jọ san owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò náà ni. Ẹ sì wo Starr County ní Texas wa níbí, létí odò Rio Grande, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ará ibẹ̀ ló jẹ́ Hispanic, ìran àwọn tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spanish wá. Láti ọdún 1892 wọn ò fìbò gbé Republican kankan wọlé fún ipò ààrẹ níbẹ̀, àfi 2024. Ẹni tí wọ́n sì wá gbé wọlé yìí ni ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ẹ̀ lọ́dún 2015 pẹ̀lú pé àwọn tí Mexico ń rán wá ń kó oògùn olóró wá, ọ̀daràn ni wọ́n, wọ́n ń fipá bá obìnrin lò. Nítorí náà èébú nìkan kì í lé olùdìbò sá, mo gbà fún yín.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kúrò lẹ́yìn yín nìyí. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé pólísì wà nínú abọ́ kan, ọ̀rọ̀ ẹnu wà nínú abọ́ míì, kéèyàn kàn bu èyí tó bá wù ú jẹ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló máa ń sọ fún olùdìbò pé ta ló ni pólísì yẹn, ta ló máa jẹ ẹ́, owó ta ni wọ́n máa fi ṣe é. Tí wọ́n bá ti fi ojú ẹnì kan sára ẹ̀ báyìí, ó tán, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tún ní ka ohun tó wà nínú ìwé mọ́.

Ẹ gbọ́ ìtàn George Wallace, òun ló ti dáhùn ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Lọ́dún 1958 adájọ́ ni ní Alabama, ó fẹ́ di gómìnà, ẹgbẹ́ Democrat ló wà (nígbà yẹn Democrat ló ni gbogbo gúúsù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn pa mọ́ fún yín), ohun tó sì ń sọ kiri fáwọn ará ìlú ni títì tó dáa, ilé-ìwé tó dáa. Kódà NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá a du ipò ni John Patterson, Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú, ló wà lẹ́yìn tìẹ. Patterson fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀. Ni Wallace bá sọ fáwọn èèyàn ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tún máa fi ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú borí òun mọ́ láyé, ọ̀rọ̀ tó lò gan-an burú ju báyìí lọ, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Ọdún 1962 ó padà wá, ó wọlé. January 1963 ó dúró ní Montgomery ó ní ìyàsọ́tọ̀ (kí dúdú àti funfun má jọ wà pọ̀) nísinsìnyí, ìyàsọ́tọ̀ lọ́la, ìyàsọ́tọ̀ títí láé. Nígbà tí wọ́n wá bi í lẹ́yìn náà pé kí ló yí i padà, ohun tó sọ ni pé òun sọ̀rọ̀ títì sọ̀rọ̀ ilé-ìwé títí, ẹnì kan ò gbọ́, ìgbà tóun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Alága mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Nígbà tó dórí oyè tán, kí ló ṣe? Ó la títì. Ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì sílẹ̀ káàkiri, ó pín ìwé ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé-ìwé. Ohun tó polongo lọ́dún 1958 tí wọ́n fi lé e sẹ́yìn náà ló ṣe fún wọn. Ọbẹ̀ kan náà ni, ohun tó kàn fi kún un ni pé ó sọ fún wọn ẹni tó máa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ló dùn mọ́ wọn. Lọ́dún 1968 tó du ipò ààrẹ, ìpínlẹ̀ márùn-ún ló mú, ó gba ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo Amẹ́ríkà. (Ní Laurel, Maryland, ibi táwọn èèyàn wa kún sí báyìí, ni wọ́n ti yìnbọn fún un lọ́dún 1972, kò fẹsẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Mo ti kọjá níbẹ̀ àìmọye ìgbà kí n tó mọ̀. Nígbà tó yá ó tọrọ àforíjì, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú sì dìbò fún un lọ́dún 1982, èèyàn ṣòro ó tú.)

Ẹ lè ní ìyẹn ti pẹ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìlera tó kan gbogbo wa, pàápàá ẹ̀yin mọ́mì nọ́ọ̀sì wa. Lẹ́yìn tí òfin ìlera Obama jáde, gómìnà Kentucky, Steve Beshear, gbé ọjà ìnṣọ́ránsì ìlera tiwọn kalẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn gan-an, àmọ́ ó fún un ní orúkọ míì, ó pè é ní Kynect. May 2014, tẹlifíṣàn NBC àti àwọn tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú ní Marist lọ bi àwọn ará Kentucky léèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 57 ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Obamacare, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn ń pe òfin Obama yẹn, àmọ́ àwọn tí kò fẹ́ Kynect ò ju 22 lọ. Nǹkan kan náà o! Bí ìgbà téèyàn ní òun ò lè fẹnu kan ẹ̀bà, àmọ́ kí wọ́n bá òun da omi gbígbóná sí gàrí kí wọ́n rò ó. Mi ò ní gbogbo wọn ló jẹ́ torí àwọ̀ Obama, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wà níbẹ̀, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìkan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé pólísì kọ́ ni wọ́n ń bá jà, ojú tó wà lára ẹ̀ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n fìbò gbé Matt Bevin wọlé, ẹni tó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé òun máa tú Kynect ká, ó sì tú u ká.

Florida náà ńkọ́? Ọjọ́ kan náà ní 2020, ìwé ìbò kan náà, ìdá bí 61 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí owó iṣẹ́ tó kéré jù gòkè di dọ́là 15 fún wákàtí kan, èyí tó jẹ́ pé Democrat ló ń pariwo ẹ̀. Lórí ìwé yẹn kan náà Trump mú Florida. Tí pólísì bá dá dúró láìsí ojú ẹnikẹ́ni lára ẹ̀, wọ́n fẹ́ ẹ. Tó bá ti di pé kí wọ́n yan ẹni tó máa ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ wo irú èèyàn tó wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ náà ni food stamp, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí kò ní. Ẹ sọ òótọ́ fún Ọlọ́run, tí wọ́n bá dárúkọ food stamp, ojú ta ló wá sí yín lọ́kàn? Àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbà á, tí a bá ka orí. Ta wá ló gbé ojú míì síbẹ̀? Lọ́dún 1976 Ronald Reagan tó ń du ipò ààrẹ ń sọ ìtàn obìnrin Chicago kan kiri tó ń lo orúkọ bí ọgọ́rin láti fi gba owó ìjọba. Obìnrin yẹn wà lóòótọ́, gbájúẹ̀ ni lóòótọ́. Reagan ò sì sọ pé aláwọ̀ dúdú ni. Kò nílò kó sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn obìnrin kan ṣoṣo ti di gbogbo obìnrin tó ń tọ́mọ láìsí ọkọ nílé.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, a ní irú ẹ̀ nílé wa, ká má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Nílé olórogún, ìyálé kì í dárúkọ ìyàwó. Á kàn dúró ti odó, á máa gúnyán, á máa kọrin òwe, gbogbo agbo ilé á gbọ́, ẹni tó ń bá wí á gbọ́, tí ìyàwó bá wá bi í pé kí ni mo ṣe yín, á ní, "Ṣé mo dárúkọ ẹ ni?" Ẹnà ni. Ẹni tí wọ́n bá jọ ń fọ̀ ọ́ á gbọ́, ẹni tí kò gbọ́ á ní orin ṣá ni.

Ọ̀gá àwọn tó mọ orin yẹn kọ ni Lee Atwater, tó ṣètò ìpolongo George Bush bàbá lọ́dún 1988. Lóṣù keje ọdún yẹn Michael Dukakis, tí Democrat fà kalẹ̀, fi ìdá 17 ṣáájú Bush nínú ìwádìí èrò olùdìbò. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣẹ̀wọ̀n ayérayé ní Massachusetts níbi tí Dukakis ti jẹ́ gómìnà, apànìyàn ni, aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n fún un láyè kó lọ kí ilé fún ọjọ́ díẹ̀, kò padà, ó dé Maryland ó fipá bá obìnrin kan lò, ó gún ọkùnrin tí obìnrin náà fẹ́ fẹ́ lọ́bẹ. Nǹkan tó burú jáì ni, kò sì burú kéèyàn béèrè pé irú ètò wo nìyẹn. Al Gore, Democrat, ló kọ́kọ́ bi Dukakis nípa ètò yẹn nígbà tí wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì, kò dárúkọ ẹnì kankan. Gómìnà Republican ló sì dá ètò náà sílẹ̀ lọ́dún 1972. Àmọ́ nígbà tó máa dé orí tẹlifíṣàn, àwọn kan tó ń ti Bush lẹ́yìn gbé fọ́tò ojú ọkùnrin yẹn síta, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ tó ń jẹ́ William sí Willie, Atwater ní kí wọ́n tó ṣe tán àwọn èèyàn á máa rò pé òun ni igbákejì tí Dukakis mú. Bush mú ìpínlẹ̀ 40. Ẹ ò rí i pé pólísì náà ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ààbò ìlú. Ẹni tó gbọ́ ọ tó sì gbé ìbò ẹ̀ fún Bush lè búra pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn lòun wò, kò sì purọ́. Kí Atwater tó kú lọ́dún 1991 ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dukakis, kò sì lè dá ìbò kankan padà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Princeton, Tali Mendelberg, yẹ ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn wò dáadáa. Ohun tó rí ni pé ẹ̀yìn tí Jesse Jackson, òṣèlú aláwọ̀ dúdú, bọ́ síta tó ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni wọ́n ń sọ níbí ni agbára ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìtìjú ṣì wà nígbà yẹn. Ẹni tó ń gbọ́ ẹnà, tí wọ́n bá ti túmọ̀ ẹ̀ lójú ẹ̀, á sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2018, Nicholas Valentino àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí rí i pé ìtìjú yẹn ti lọ, bí wọ́n fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà, bí wọn ò fi bò ó, ìkan náà ló ń ṣe lọ́kàn olùdìbò. Ìyálé ti ń dárúkọ báyìí.

Ìdí nìyẹn tí Trump fi lè dúró ní Philadelphia lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, níwájú àìmọye mílíọ̀nù èèyàn, kó ní àwọn ará Haiti ní Springfield, Ohio, ń pa ajá jẹ, wọ́n ń pa ológbò jẹ. Ìjọba ìlú yẹn ní àwọn ò rí ẹ̀rí kankan. Gómìnà ibẹ̀, Mike DeWine, Republican ni, Springfield ni wọ́n bí i sí, ó ní irọ́ ni. Ìyẹn ò dá wọn dúró, àwọn kan ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ilé-ìwé àtàwọn ilé míì níbẹ̀, ó ju ọgbọ̀n ìgbà lọ. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pólísì gidi wà ní Springfield. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya wọ ìlú kékeré láàárín ọdún mélòó kan, ilé ìtọ́jú kún, réǹtì gòkè, olùkọ́ ò tó fún ọmọ tí kò gbọ́ òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ ìyẹn, mo ti gbé àga wá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́? JD Vance, tó bá Trump du igbákejì ààrẹ, tiẹ̀ sọ lórí CNN pé tó bá jẹ́ pé àfi kóun dá ìtàn sílẹ̀ káwọn oníròyìn tó kọbi ara sí ìyà tó ń jẹ ará ìlú, òun máa ṣe é, ó ní kí wọ́n lè tẹjú mọ́ ọn lòun ní lọ́kàn. Ohun tí wọ́n wá tẹjú mọ́ ni ajá. 2025 dé, ìjọba gbé ìgbésẹ̀ láti gba ìwé tó jẹ́ kí àwọn ará Haiti máa gbé níbí lọ́wọ́ wọn. Látẹnu bọ́ sínú ìwé, kò tó ọdún kan.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, torí ẹ ti sọ ọ́ rí: ará Haiti nìyẹn, àwa kọ́. Àwa dókítà, àwa nọ́ọ̀sì, àwa tí a san owó wa tí a kàwé. Àwọn ará Starr County náà ò rò pé àwọn ni wọ́n ń bá wí. Alága, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, òkè àjà ló wà. Ẹ ka ọjọ́ pẹ̀lú mi. January 2018, ìròyìn jáde pé Trump lo ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ fún àwọn ìlú Áfíríkà nínú mítìn kan, ó lóun ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ilé wa níbí náà ẹ̀yin lẹ ní ẹnu lásán ni. January 31, 2020, wọ́n fi Nàìjíríà sínú àwọn ìlú tí wọn ò ní fún ní fìsà àtiwá gbé, kì í ṣe fìsà àbẹ̀wò o, fìsà tẹ́ ẹ fi ń mú ìyàwó wá, tẹ́ ẹ fi ń mú màmá yín wá gbé níbí. Biden fagi lé e lọ́jọ́ tó gorí oyè. October 31, 2025, Trump fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn ìlú tí ìyà ti ń jẹ onígbàgbọ́, àwa kan fò sókè nínú ẹgbẹ́, wọ́n gbàdúrà ọpẹ́ sórí Zoom. Mi ò bú wọn, ẹni tí wọ́n pa ẹbí ẹ̀ ní Plateau tàbí Benue ò gbọdọ̀ gbẹ́nu dákẹ́. Àmọ́ December ọdún yẹn kan náà, orúkọ Nàìjíríà tún ti wà nínú àwọn tí wọ́n dí lọ́nà fìsà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, dókítà àti ẹni tí kò kàwé. Fọ́ọ̀mù wọn ò béèrè pé ẹgbẹ́ wo lo dìbò fún ní Houston.

Kí n má baà ṣe bí ẹni ń polówó Democrat, àwọn náà mọ ẹnà fọ̀. Bill Clinton kúrò nídìí ìpolongo lọ́dún 1992, ó fò padà sí Arkansas kí wọ́n lè pa ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú kan tí ọpọlọ ẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà tóun gómìnà wà nílé, ta ló ń fìyẹn hàn tí kì í ṣe olùdìbò aláwọ̀ funfun? Biden náà, May 2020, ní tí o bá ṣì ń rò ó bóyá èmi tàbí Trump, o kì í ṣe aláwọ̀ dúdú nìyẹn, ó tọrọ àforíjì sha. Ìyẹn gan-an lẹ fi ń bínú sí wọn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti ní "ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni" wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán, owó ẹyin ń gòkè.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ò ju ẹyọ kan lọ. Ìdìbò oṣù kọkànlá 2026 ń bọ̀, àwọn olùdíje á tún wá síbi àríyá wa, á wọ agbádá tí kò bá a mu, á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, á ní Nigerians are hard workers, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ẹ máa gba máíìkì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yìí, Republican ni o, Democrat ni o. Tó bá ní òun máa dín owó ìrànwọ́ kù, ẹ bi í pé ti ta ni? Tó bá lóun máa lé ọ̀daràn, ẹ ní kó ṣàpèjúwe ẹni tó ní lọ́kàn. Tó bá ní ẹ̀yin kọ́ lòun ń bá wí, ẹ bi í pé ta wá ni, kí ló sì mú u sọ ọ́ fún wa. Nínú Harris County tí a wà yìí ni dókítà eyín kan, Lonnie Smith, aláwọ̀ dúdú, ti lọ dìbò abẹ́lé Democrat lọ́dún 1940, wọ́n ní àfi òyìnbó nìkan, ó gbé wọn lọ sí kóòtù àgbà jù lọ, ó jàre lọ́dún 1944. Àwọn tó lé e kúrò níbi àpótí ìbò náà ní pólísì ẹgbẹ́ wọn lásán ni.

Mo máa wà ní mítìn tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sí àjẹ́ńdà kí oúnjẹ tó dé, torí tí oúnjẹ bá ti dé ẹnì kan ò ní gbọ́ mi. Owó ẹgbẹ́ oṣù yìí, mo ti fi ránṣẹ́ sí akápò nípa Zelle, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wò ó.

Èmi àbúrò yín,
láti Alief